Dónọ́ọ̀tì Róbótó fún Màmá

Ajé, 2 Oṣù Kẹta, 2026

Mo gbé e wọlé lónìí. Láti Àpápá dé àdúgbò wa ní Boundary, orí itan mi ló wà nínú kẹ̀kẹ́ — páálí ńlá, ọwọ́ mi ò yí i ká. Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì, Ìyáàfin Dáramọ́lá, ń lọ bá àwọn ọmọ wọn lókè òkun, wọ́n sì ń pín ẹrù ilé. Wọ́n ní, "Moyinolúwa, máa gbé ẹ́à-fúráyà yìí lọ. Mi ò lò ó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ."

Atẹ́gùn gbígbóná ló fi ń dín nǹkan. Kò lo agbada òróró. Ibi tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo ti dìde lórí àga.

Nítorí Màmá ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi dín pọ́fùpọ́fù níwájú ilé wa. Gbogbo Boundary mọ̀ wọ́n. Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, agbada òróró dà sí wọn lápá ọ̀tún, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Apá ti jinná. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, wọn ò fọwọ́ kan ìyẹ̀fun mọ́. Wọ́n á jí, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Oṣù mẹ́tàlá.

Ephraim, àbúrò mi tó ń gbé Ṣàgámù, pè ní ìrọ̀lẹ́. "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí Màmá wá sọ́dọ̀ wa. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yẹn ju kí wọ́n jókòó lọ?" Ó ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n òun ń bọ̀ wá gbé wọn. Mo bi Màmá pé ṣé wọ́n fẹ́ lọ. Wọ́n ní ibi tí a bá gbé àwọn sí náà ni àwọn á jókòó sí.

Rárá o. Kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kù. Kí ọjọ́ náà tó pé, Màmá á ti padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹta

Iná ò dé. Mo ka ìwé tó bá a wá lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sọ ẹ̀rọ náà ní Alátẹ́gùn.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹta

Iná dé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo po ìyẹ̀fun bí Màmá ṣe máa ń pò ó — íìsì, ṣúgà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ — mo sì fọwọ́ bù ú sínú agbọ̀n Alátẹ́gùn. Àṣìṣe! Pọ́fùpọ́fù ti rọ̀ jù, òróró ló máa ń dì í mú. Agbọ̀n yìí sì ní ihò lábẹ́. Gbogbo rẹ̀ ń kán sísàlẹ̀ bí ikun imú ọmọdé, ó sì gan mọ́ irin. Wákàtí kan gbáko ni mo fi ha á.

Eucharia, aládùúgbò wa tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, yọjú. "Sister Moyin, wetin be dat? Ṣé sìmẹ́ńtì lẹ fẹ́ jẹ ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Mo rò pé Màmá á bá a rẹ́rìn-ín. Wọn ò tiẹ̀ yíjú.

Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹta

Mo wo fídíò lórí fóònù. Ọmọbìnrin inú rẹ̀ ní kò le rárá: ìyẹ̀fun, yúgọ́ọ̀tì, ṣúgà, kí a ká a róbótó, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré. Ó ní bí àárín tí wọ́n máa ń gé kúrò lára dónọ́ọ̀tì ló ṣe máa rí. Ó dáa. Dónọ́ọ̀tì róbótó. Mo pò ó kó le dáadáa, kó má baà tún kán. Mo yí iná sí ibi tó gbóná jù, torí mo ń kánjú.

Òkúta méjìdínlógún. Ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó dún lórí sìmẹ́ńtì.

"Kí ló já?" — Màmá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n sọ láti àárọ̀.

Àìkú, 8 Oṣù Kẹta

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ènìyàn ń bi mí pé Màmá ńkọ́. Mo ní wọ́n wà dáadáa. Irọ́, nínú ilé Ọlọ́run.

Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹta

Ìta pọ́n, ó dán, ó lẹ́wà bíi ti fídíò. Mo là á — inú tútù, ó ń fà bíi gọ́ọ̀mù. Iná ò lágbára, gílóòbù ń ṣẹ́jú lókè. Mo sunkún díẹ̀ nídìí síńkì. Mo fọ agbọ̀n. Ọ̀la.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹta

Inú tún tútù. Yúgọ́ọ̀tì yìí ti sú mi. Mo ń padà sí íìsì, àmọ́ màá pò ó kó ki ju ti pọ́fùpọ́fù lọ.

Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta

Màmá sọ̀rọ̀!

Mo ń po ìyẹ̀fun lórí tábìlì, mò ń gbá a mọ́lẹ̀ gbì, gbì. Mo gbọ́ ohùn wọn láti orí àga: "O ń bá a jà. Fi í sílẹ̀ kó sinmi." Ọwọ́ mi dúró. Mo bi wọ́n pé fún ìgbà wo. Wọ́n ní kí n da aṣọ bò ó. Tí mo bá fìka tẹ̀ ẹ́ tó rọra ń dìde padà, ó ti tó. Wọ́n ní kí n gé e kéré sí i, kò yẹ kó ju orógbó lọ, torí ohun tó bá tóbi, ìta rẹ̀ á ti jó kí inú tó gbọ́.

Wọ́n sì dìde. Wọ́n rìn wá sídìí tábìlì, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí abọ́. Mo sáré gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, torí abọ́ yẹn wúwo. Wọ́n wo ọwọ́ mi. Wọ́n padà sórí àga.

Ó ní láti jẹ́ pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n dìde! Mo ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Mẹ́wàá nínú méjìdínlógún jinná dénú.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹta

Ó ti bọ́ sí i. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má gbàgbé: ìyẹ̀fun ife mẹ́ta, íìsì ṣíbí kékeré méjì, mílíìkì lílọ́wọ́ọ́wọ́ ife kan, ẹyin kan, bọ́tà díẹ̀, ṣúgà, iyọ̀ bíńtín. Kó sinmi wákàtí kan. Kí Alátẹ́gùn kọ́kọ́ gbóná kí n tó kó wọn sí i, kí wọ́n má fara kanra. Kí iná má pọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà, kí n yí wọn padà láàárín. Bí wọ́n bá ti jáde — bọ́tà yíyọ́ sí wọn lára, kí n yí wọn nínú ṣúgà tí mo rin nọ́tímẹ́gì sí.

Wọ́n rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Eucharia jẹ mẹ́rin lórí ìdúró. "Ah! Dis one na correct something o!" Mo kó díẹ̀ lọ sí Àpápá, nílé-iṣẹ́ wa, àwọn tó ń bá kọ́sítọ́ọ̀mù ṣàlàyé kọ́ńténà láti àárọ̀ fi fáìlì sílẹ̀, wọ́n pagbo yí náílọ́ọ̀nù mi ká.

Màmá jẹ ààbọ̀ kan. "Ó dáa." Wọ́n tún yíjú sí fèrèsé.

Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí mò ń wá nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹtì, 20 Oṣù Kẹta

Láàárọ̀ yìí Màmá gbé kẹ́tù omi gbígbóná. Mo já a gbà. Mo ní, "Ẹ jókòó, Màmá." Wọ́n jókòó.

Àìkú, 22 Oṣù Kẹta

Mi ò tíì kọ èyí rí. Màá kọ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí òróró dà yẹn, Màmá ké sí mi kí n wá bá àwọn di etí kejì agbada mú, kí a jọ sọ̀ ọ́ kúrò lórí iná. Mo ní, "Mò ń bọ̀." Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, fóònù létí, tí mò ń bá ọkùnrin kan ṣàwàdà — ọkùnrin tí mi ò tiẹ̀ rántí ojú rẹ̀ mọ́. Wọ́n tún ké. "Mò ń bọ̀." Ìgbà kẹta, igbe ni mo gbọ́. Wọ́n ti dá a gbé.

Ní ọsibítù, mo sọ fún Ephraim pé mi ò sí nílé. Ó gbà mí gbọ́. Ó tiẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mò ń tọ́jú Màmá.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹta

Ephraim fọ̀rọ̀ ránṣẹ́: Àbámẹ́ta, agogo mẹ́wàá. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n kúrò nílé yìí kí n tó sọ ọ́.

Ẹtì, 27 Oṣù Kẹta

Mo sọ ọ́.

Kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo kúnlẹ̀ níwájú àga wọn. Gbogbo rẹ̀ — ẹ̀yìnkùlé, fóònù, irọ́ tí mo pa fún Ephraim. Mo ní gbogbo dónọ́ọ̀tì tí mò ń ṣe yìí, ẹ̀bẹ̀ ni.

Wọ́n wá ní, "Mo mọ̀ pé o wà nílé. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ. Èmi ni mo kánjú, agbada yẹn ì bá dúró dè ọ́."

Mo ń sunkún. Wọ́n ní kí n gbójú sókè.

"Ṣé o rò pé òróró ni mò ń bẹ̀rù? Moyin, ojú rẹ ni. Láti ìgbà tí mo ti dé láti ọsibítù, mi ò lè gbé ife omi kí o má fò dìde. Mo gbé abọ́, o gbà á. Mo gbé kẹ́tù, o gbà á. Bí mo bá ti na apá yìí báyìí, ojú rẹ á yí padà bí ẹni tó rí òkú. Mo ní ó dáa, kí n kúkú jókòó, kí ọkàn tìẹ lè balẹ̀."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Àpápá láìmọ ọ̀nà tí a gbà. Oṣù mẹ́tàlá — nítorí tèmi ni wọ́n ṣe jókòó.

Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹta

Agogo mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, iná wà. Mo kó ìyẹ̀fun, íìsì, ẹyin, bọ́tà àti mílíìkì sórí tábìlì. Mo sọ fún Màmá bí wọ́n ṣe ń tan Alátẹ́gùn. Mo jáde, mo fa ilẹ̀kùn mọ́ra.

Mo jókòó ti Eucharia nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní, "You no go help Mama?" Mo ní rárá. Abọ́ kan bọ́ lulẹ̀ nínú ilé — gbàràmù! Mo dìde. Eucharia fà mí níbùbá, mo jókòó. Ó kó aṣọ kan fún mi pé kí n máa tú ojú rírán rẹ̀, kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Mo gún ara mi ní abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Agogo mẹ́jọ. Agogo mẹ́sàn-án. Òórùn jíjóná. Òórùn dídùn. Mi ò wọlé.

Ephraim dé pẹ̀lú báàgì ńlá, òfìfo. Ó ní, "Àǹtí mi, kí lẹ ń ṣe níta? Màmá ńkọ́?" Kí n tó dáhùn, ilẹ̀kùn ṣí. Màmá ló jáde, wọ́n fa ìró so mọ́ àyà, ìyẹ̀fun dé iwájú orí. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi di tíréè mú, apá ọ̀tún wà níhòòhò, àpá rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Mo jẹ́ kí wọ́n gbé e dé iwájú wa.

Àwọn kan jó. Òmíràn tóbi, òmíràn kéré. Ephraim jẹ mọ́kànlá. Mo sọ òótọ́ oṣù kejì fún un níbẹ̀, níwájú Màmá àti Eucharia. Ó dáwọ́ jíjẹ dúró. Ó wò mí pẹ́, kò dùn mọ́ ọn nínú, kò sì fi pa mọ́. Màmá ní, "Èmi tí òróró jó ti gbọ́ ọ. Máa jẹun."

Nígbà tó ṣe, Ephraim bèèrè pé níbo ni ẹrù wọn wà.

"Ẹrù wo? Ìyẹ̀fun mi ń wú lábẹ́ aṣọ, ìwọ ń sọ ẹrù. Bí àwọn ọmọ rẹ bá gba ọlidé, kó wọn wá kí mi."

Ephraim fẹ́ bá wọn wọlé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa méjèèjì.

A jókòó síta. Ní agogo méjìlá iná lọ, nígbà tí dónọ́ọ̀tì ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣì wà nínú ẹ̀rọ. A gbọ́ tí Màmá ń bá Alátẹ́gùn jà, tí wọ́n ń bá àwọn tó mú iná lọ jà, tí wọ́n ń bá èmi tó gbé e wálé jà. Ohùn wọn dé títì.