Ìdí Tí A Fi Ń Jó Nígbà Tí Ọmọ Rẹ Ń Ké

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ títí. Mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ẹsẹ̀ tó ń gbé ọ lọ sílé iṣẹ́ àti ọwọ́ tí o fi ń tọ́ aṣọ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun, àbí tíì àti búrẹ́dì náà lo ṣì fi ń tan ara rẹ jẹ? Olúwa yóò máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà kò sì ní gún ọ lọ́wọ́. Àwa náà wà dáadáa, àfi orúnkún mi tó ń fa wàhálà, àti ìyá rẹ, tí òun náà ń fa wàhálà. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ lẹ́tà yìí. Ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń sọ ohun tí mi ò gbọdọ̀ kọ, gbogbo rẹ̀ ni mo sì ń kọ.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó kú. Mo mọ ohun tí o gbọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. O pè láti kí wa, ọmọ rẹ gbọ́ ohùn rẹ, ó bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, dípò kí àwa àgbà méjì sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, o gbọ́ tí ìyá rẹ ń pariwo ọpẹ́, o gbọ́ tí èmi ń pàtẹ́wọ́, o tún gbọ́ tí mo ń sọ pé kó ké sí i, kó ké sí i. O pa fóònù. Lẹ́yìn náà lo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ohùn rẹ ló ń da ọmọ láàmú, pé o ò ní pè mọ́, o ò sì ní wálé ní ìparí oṣù bí o ti ṣèlérí, kí ọmọ lè ní ìsinmi. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ ní kí n tún un kà, bóyá yóò yí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò, torí bó bá jẹ́ orí fóònù ni, wàá ti pa á kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o fi í sílẹ̀ fún wa tí o padà sẹ́nu iṣẹ́? Ìyá rẹ ló ní kí o yọ́ lọ nígbà tó bá ń sùn, pé bí kò bá rí ọ kò ní mọ̀ pé o lọ. Ó mọ̀. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há, gbogbo obìnrin tó bá ti wọlé ló ń nawọ́ sí. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ohun tí a sọ fún ọ ni pé ó ti gbọ́n. Ebi ń pa á, kò ké. Ó ṣubú, kò ké. A gbé e fún àlejò, kò ké, a gbà á lọ́wọ́ àlejò, kò ké. Ó kàn máa ń jókòó sórí ẹní, á máa wo gbogbo wa bí ẹni tó ń darí ìpàdé tí kò sì fẹ́ràn ohun tí à ń sọ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Alága nìyẹn. Télọ̀ tó wà níwájú ilé wa kì í kọjá láì kí i pé Alága, ẹ kú ìjókòó. Inú mi ń dùn. Mo ń sọ fún àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ mi pé mi ò rí ọmọ onísùúrù báyìí rí, pé èmi ló fi jọ. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín.

Àṣé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. A gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì gún un, Alága wo itan rẹ̀, ó wo nọ́ọ̀sì, kò sọ nǹkan kan. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Nọ́ọ̀sì kò bá mi pa á. Ó pè é, ó ṣe oríṣiríṣi ojú sí i, ó wá bi wá pé ìyá rẹ̀ dà. Ó mú wa lọ síwájú àwòrán kan lára ògiri, àwòrán ọpọlọ ọmọdé, ó rí wúruwùru bí inú awùsá. Ó ní ọpọlọ ọmọ kì í parí sínú oyún, pé lẹ́yìn tó bá dé ayé ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so kọ́ra. Bí ọmọ bá ké, tí ẹni tó mọ̀ dá a lóhùn, ibì kan á so kọ́ ibì kan. Bó bá rẹ́rìn-ín, tí ẹni náà rẹ́rìn-ín padà, ibòmíràn á tún so. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ ojú rẹ̀ àti òórùn rẹ̀ bá ṣàdédé pòórá, ẹ̀rù á bà á, ara rẹ̀ á máa wà lójúfò bíi pé ewu ń bọ̀, bí ìyẹn bá sì pẹ́, ọpọlọ á máa fi ìṣọ́ ṣe iṣẹ́ ṣe, kò ní ráyè kẹ́kọ̀ọ́ bó ti yẹ. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ tí à ń yìn kì í ṣe sùúrù. Ó ti rẹ ọmọ láti máa ké ni, kò gbà pé ẹnikẹ́ni máa wá mọ́. Ó ní ìpìlẹ̀ ni àwọn ọdún yìí o.

Kò yẹ kó dárúkọ ìpìlẹ̀ létí mi. Iṣẹ́ wo ni mo fi tọ́ ọ dàgbà? Bí mo ti gbọ́ ìpìlẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ yé mi, mo ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú mọ́. A délé, mo gbé téèpù jáde, mo wọn orí Alága láti etí dé etí, mo gbé ohun tí a fi ń wò bóyá ògiri tẹ́jú lé e lórí, inú mi sì dùn pé kò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá ku omi. Kọ́ńkéré tuntun, omi ni à ń fi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó tó gan dáadáa. Mo bá ń da omi sí i lórí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni o, èmi kì í ṣe ìkà. Ìyá rẹ ká mi mọ́ ọn, ó gba ike lọ́wọ́ mi, ó da ìyókù lé mi lórí, ó ní kí ìpìlẹ̀ tèmi náà gan.

Nọ́ọ̀sì tún ti sọ pé kí ọmọ máa gbọ́ ohùn tó mọ̀ lójoojúmọ́, ohùn tí kò ní já a kulẹ̀. Ìwọ kì í pè, ọ̀rọ̀ lo máa ń fi ránṣẹ́, o ní bí o bá gbọ́ tó ń mí lásán o ò ní lè ṣiṣẹ́. Mo wá rántí akọ̀wé rẹ. O ò sọ fún wa pé wọ́n ti gbé ọ ga dé ibi tí o fi ní akọ̀wé, ṣùgbọ́n mi ò bínú, mo ti bá ọ sọ fún gbogbo àdúgbò. Bí mo bá ti pè ọ́ nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti pa fóònù yín, tí wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù nílé iṣẹ́, òun ló máa ń dáhùn. Obìnrin náà mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ, kì í jágbe mọ́ni, àtìgbà tí mo ti ń pè kò ṣàìsàn rí. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé kì í jẹ́ kí n kí i tán, á ti ní kò sí bí òun ṣe lè rí ọ báyìí, kí n jọ̀wọ́ tún gbìyànjú tó bá yá. Mo gbà pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Bó bá ti dìrọ̀lẹ́, màá gbé Alága lé itan, màá pè, màá gbé fóònù sí i létí, akọ̀wé á bá a sọ̀rọ̀, òun náà á fetí sílẹ̀ bí ẹni ńlá.

Nígbà tí a padà lọ wọn ọmọ, mo ròyìn gbogbo rẹ̀, mo sì pe akọ̀wé kí nọ́ọ̀sì gbọ́ fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òṣùwọ̀n. Ó ní ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ènìyàn, pé gbogbo ẹni tó bá pa fóònù rẹ̀ ni obìnrin yẹn ń bá dáhùn. Mo ní ó yé mi, torí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó mọ jọ̀wọ́ sọ, mi ò rí i rí. Nígbà tó dákẹ́ ẹ̀rín, ó ní ohùn tí ọmọ ń fẹ́ ni ohùn tó máa dá a lóhùn, pé bó bá sọ gaa, kí ẹni náà sọ gaa padà. Ó ní ọpọlọ rẹ̀ kò bàjẹ́, ó ṣì rọ̀, pé bí ìyá rẹ̀ bá padà sún mọ́ ọn, tí àwa náà kò sì yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí a bá gbọ́ lọ́jọ́ kan tó bú sẹ́kún nítorí ìyá rẹ̀, kí a yọ̀.

Láti ìgbà náà ni àwa méjèèjì ti ń retí ẹkún. Mo ń sọ gaa káàkiri ilé, ọkùnrin kan tó fẹ́ gbé iṣẹ́ ògiri fún mi gbọ́ mi láti ẹnu ọ̀nà, ó yí padà. Ọjọ́ Àìkú lo wá pè fúnra rẹ. O ò tíì kí mi tán. Alága gbé orí sókè, ó wo fóònù, ó wo ẹnu ọ̀nà, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì lanu. Ọmọ mi, irú ẹkún wo nìyẹn! Télọ̀ fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó sáré wọlé pé ta ló kú, ó bá èmi àti ìyá rẹ níbi tí a ti ń jó yí ọmọ tó ń ké po. Ó ní ó ti tán, a ti ya wèrè. Omijé ń dà lójú ìyá rẹ. Èmi ò sunkún, orúnkún ló ń dùn mí.

Nítorí náà, má sọ mọ́ pé ohùn rẹ ló ń dà á láàmú. Ó gbọ́ ọ, ó rántí pé o wà, ó sì gbà pé bí òun bá ké o lè wá. Bí o ò bá pè, tí o ò bá wá, yóò tún padà di Alága, oyè náà kò sì wù mí mọ́.

Èmi àti ìyá rẹ ti jọ fẹnu kò, ìyẹn ni pé ó sọ, mo gbà. Ó ń gbé ọmọ bọ̀ wá bá ọ ní Sátidé, yóò sì dúró tì yín. Òun á máa tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án, ìwọ á máa dé bá a bí o bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Mo mọ̀ pé yàrá kan ṣoṣo lo ní, ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò tóbi, ẹnu rẹ̀ nìkan ló máa gba àyè. Bí o bá ń jáde láàárọ̀, má yọ́ lọ mọ́. Jẹ́ kó rí ọ, sọ fún un pé o ń bọ̀, kí o sì dé lóòótọ́.

Ó wá ku èmi. Mi ò dáná rí láyé mi. Ìyá rẹ ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù, irùngbọ̀n mi sì ti dín kù díẹ̀. Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ tí màá fi máa rí nǹkan rà lọ́wọ́ olóúnjẹ, kí o sì fi ti bátìrì fóònù kún un, akọ̀wé ti lo èyí tó wà níbẹ̀ kú. Ìyá rẹ ní kí n má bèèrè ti ọtí. Mi ò bèèrè. Ó ti dìde lọ wẹ ọmọ báyìí, nítorí náà mo lè kọ ọ́: ilé yìí máa dákẹ́ fún mi gan-an, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n èmi ti dàgbà, mo mọ̀ pé ẹni tó lọ ń padà bọ̀. Ọmọ rẹ kò tíì mọ̀.

Olúwa yóò bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ọmọ rẹ yóò dàgbà lójú rẹ, kò ní dàgbà lẹ́yìn rẹ. Dúró dè wọ́n ní garéèjì, kí o tètè débẹ̀. Bó bá ń sunkún nígbà tí o bá nawọ́ sí i, gbé e pẹ̀lú ẹkún náà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ