Ẹ̀kọ́ Tó O Fi Sínú Fóònù Ti Délé

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ. Ojú ò ní tì ọ́ láàárín wọn, ohun tó o bá dáwọ́ lé á yọrí sí rere. Àwa náà wà, a ń mí. Òjò ti ṣí páànù kan lórí yàrá ìránṣọ mi, ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé sì ti jẹ bébà tí mo fi wọn ṣòkòtò báábà tó ń gẹrun ládùúgbò wa, ló bá ní ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Mo ní kó máa rọra rìn.

Láti ìgbà tí iṣẹ́ tó o rán ti dé ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. O ní ẹ̀yin tíṣà fẹ́ ṣèpàdé, bóyá kí àwọn ọmọ máa gbọ́ ẹ̀kọ́ nínú fóònù nílé, kí wọ́n wá máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá níléèwé. Mo kà á, mo tún un kà. Ọmọ mi, kéèyàn sùn lọ́jà kó wá nájà nílé nìyẹn! O ní ọ̀gá yín sọ pé ìwọ tó o mú ọ̀rọ̀ náà wá, kó o mú ẹ̀rí wá láti ilé tó ti dán an wò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó o panu mọ́. Ìyẹn lo ṣe fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí èmi àti Kékeré, ọmọ rẹ tó o fi sọ́dọ̀ mi pé tó o bá ti rílé, wàá wá mú un.

A múra o. Mo gbálẹ̀, mo wọṣọ tó dáa, mo ní kí Kékeré lọ wẹ̀, mo gbé fóònù lé orí maṣíìnì. Bó o ṣe yọjú, mo ní o kú iṣẹ́ o, tíṣà mi, o mà ti rù. O ò dá mi lóhùn. O kàn ń gé búrẹ́dì sí mẹ́rin lọ, o ní ìyẹn ni ìdá kan nínú mẹ́rin. Inú bí mi, ẹni tí mo bí! Kékeré wá fọwọ́ kan fóònù, lo bá dúró gbagidi, ẹnu là sílẹ̀, ojú ò ṣẹ́. Mo figbe ta. Mo fi ìborùn fẹ́ ọ títí, mo ní kí wọ́n sáré pe báábà, òun ló ń bá wa tọ́jú fóònù. Báábà ní kò sóhun tó ṣe ọ́, pé ó ti pẹ́ tó o ti sọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n kàn ká a sílẹ̀ ni. Mo ní irọ́ ni, ṣebí èmi gan-an lo ń wò lójú.

Ẹ̀kọ́ náà yé Kékeré, mi ò ní purọ́. Tí ibì kan bá ti rú u lójú, á dá ọ padà, wàá tún un sọ, o ò sì ní jágbe mọ́ ọn. Èyí wù mí, sọ fún wọn. Àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, o bi wá bóyá a ní ìbéèrè, o sì dákẹ́. Kékeré dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní: "Màmá, ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá mú mi?"

O rẹ́rìn-ín músẹ́. O ní ká fi ìbéèrè wa pamọ́ di ìgbà tá a bá pàdé ní kíláàsì.

Àtìgbà náà ló ti ń dá ọ padà síbẹ̀, á dìde, á tún béèrè. Báábà ti ṣàlàyé fún un títí, Kékeré ní bóyá òun ò pariwo tó ni. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́, mo ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ ń gún mi lọ́wọ́.

Ẹ̀rí mi nìyí, kà á fún wọn: kí fóònù máa sọ̀rọ̀ kò burú, tí ọmọ bá ṣáà máa rí ẹni tó máa dá a lóhùn lẹ́yìn náà. Owó tí mo sì fẹ́ tọrọ ò ju owó ọkọ̀ fún èèyàn méjì lọ, jọ̀ọ́, má jẹ́ kó pẹ́. Olúwa á fi ilé tó gbà yín jíǹkí rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ á wọlé lójú àwọn ọ̀gá rẹ.

Kékeré ti wọ bàtà. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá kíláàsì náà jìnnà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.