Ẹsẹ̀ Ni Mo Wí

Ọmọkùnrin mi,

Ọmọ rẹ tó ń ṣe ìwádìí inú etí ló ń bá mi kọ èyí. Ara mi le, oúnjẹ wà.

Mo kọjú sí fèrèsé lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Nígbà tó kà á fún mi, ẹrẹ̀ ló kọ.

Mo ní, “Ṣé ẹrẹ̀ máa ń dunni?”

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ò la ẹnu dáadáa, Màmá.”

Irọ́ ni. Orin ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ bí kò bá rí ẹnu ẹni. Òun náà ló sọ fún mi pé irun tíntìntín tó ń gbóhùn nínú etí, bó bá ti kú, kì í hù mọ́. Etí gbogbo ayé ló ń yẹ̀ wò, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yẹ tirẹ̀ wò.

Lọ́la ni àwọn àgbà ibi iṣẹ́ rẹ̀ máa bi í ní ìbéèrè, kí wọ́n tó fi í ṣe olórí ìwádìí. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, wọn á ní kò mọṣẹ́.

Kí ìyá rẹ̀, kí o sì sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́. Má sọ fún àbúrò rẹ, ẹnu rẹ̀ ń jò bí ajere. Ọ̀gá ọmọ rẹ ló kàn, láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n tó jókòó. Ọmọ rẹ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fún un. Ó ní òun ò ní kọ ìyẹn. Mo ti kọjú sí i, mo sì tún un wí.