Ẹsẹ̀ Ìyá Rẹ

Tápà,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 1971.

Mùínàt ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé Èkó ò fojú pọ́n yín? A kò ní gbúròó yín ní búburú o. Àwa náà ń bẹ, àfi ẹsẹ̀ ìyá rẹ.

Ṣé o rántí àmì dúdú tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tí o máa ń fi ìka tẹ̀ nígbà tí o wà lọ́mọdé? Láti èṣí ló ti ń fẹ̀, ó wá ń ṣẹ̀jẹ̀. Dọ́kítà Igbó-Ọrà gé e, ó rán ojú ibẹ̀ bí ẹni ránṣọ, ó ní kò ní pẹ́ jinná. Oṣù mẹ́ta rèé, ojú egbò kò padé, etí àpá tún ń dúdú bọ̀, kókó kan sì ti sọ sí i lábẹ́ itan.

Èmi mọ ohun tó fà á. Inú ìgò ni wọ́n fi ẹran tí wọ́n gé sí, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Báwo ni egbò yóò ṣe dí nígbà tí ohun tó yẹ kó dí i wà nílùú mìíràn? Èmi àti ìyá rẹ wọ mọ́tò lọ sí Igbó-Ọrà, mo bẹ nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Salome pé kí wọ́n dá a padà. Ó ní wọ́n ti rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ wò, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ kò dára. Mo ní bí kò bá dára, kí wọ́n kó o fún wa bẹ́ẹ̀, tiwa ni. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Dọ́kítà wá mú fọ́ọ̀mù jáde, ó ní ká fọwọ́ sí i kí wọ́n lè gé ẹsẹ̀ náà. Mo ní n kò ta ìyàwó mi fún ìjọba. Mo gbé e wálé. Ọjọ́ méje ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lánàá ó ní kí n gbé òun padà, ó ní ẹsẹ̀ méjì ló gbé òun wá sílé ọkọ, ọ̀kan á gbé òun yí àgbàlá ká. A padà lọ lánàá náà, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù náà.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí, ni a ń lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n lè gé e. Bá mi fi pọ́n-ùn márùn-ún rán Àkíbù awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá, fún mọ́tò àti oúnjẹ. Kí o sì bá mi bi àwọn dọ́kítà Èkó bóyá wọ́n máa ń kó ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gé fún ọkọ aláìsàn. Lèmọ́mù ní sísin ni wọ́n máa ń sin ín. Mo ti gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n n kò mọ bó ṣe yẹ kó gùn tó.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á ṣọ́ ẹsẹ̀ tí o fi ń rìn. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Wàhábì.