Irọ́ Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Mọ́tò Dádì Wa

Èmi ni mo purọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí pé màá bú èèyàn dáadáa nínú ọ̀rọ̀ yìí... Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́, Peckham ò tóbi, gbogbo wa la jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà.

Dádì mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé London, mọ́tò kékeré aláwọ̀ ewé kan sì ni nǹkan gidi àkọ́kọ́ tí wọ́n rà nílùú yìí. Òun ni wọ́n fi gbé Mọ́mì wa, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, lọ sí hospital lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bí bọ̀ọ̀dá mi. Nígbà tí wọ́n ń wó North Peckham Estate tí à ń gbé, Dádì fi àga sílẹ̀, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, wọn ò fi mọ́tò yẹn sílẹ̀. Wọ́n há a mọ́ gáréèjì kan, ó ń dípẹtà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí Mọ́mì kú, bọ̀ọ̀dá mi ní òun máa tún un ṣe fún Dádì. Mẹkáníìkì ni, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lábẹ́ afárá reluwé ní Bermondsey. Dádì ṣàdúrà fún un títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà mo gbé oúnjẹ lọ fún un, kí ni mo rí nínú skip, àpótí ìdọ̀tí ńlá tó wà níta... ilẹ̀kùn mọ́tò Dádì, wọ́n ti gé e sí méjì. Ó ti gé gbogbo ẹ̀. Ó ní ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán, wàhálà ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó ra ara mọ́tò tuntun tí wọ́n fi fáíbà ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní replica, ó gbé e lé ẹ́ńjìnnì mọ́tò mìíì, ó wá kan nọ́ńbà mọ́tò Dádì mọ́ ọn. Òfin ní kó lọ sọ fún ìjọba pé replica ni, kí wọ́n fún un ní logbook tiẹ̀, ìyẹn ìwé mọ́tò, àti nọ́ńbà tiẹ̀. Kò lọ. Ó ní tí mo bá lanu sọ fún Dádì, èmi ni mo pa wọ́n. Òun ló ń mú mi lọ sílé ìwé nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò lè já a nírọ́ lójú Dádì. Mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ tó gbé e dé, Dádì ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n tì í, wọ́n ní ó ti fúyẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ìpẹtà ló wúwo tẹ́lẹ̀.

Ojú Dádì ò ríran dáadáa mọ́. Èmi ni mo máa ń ka létà wọn, èmi ni mo máa ń kọ fọ́ọ̀mù wọn, wọ́n á kàn fọwọ́ sí i. So èmi náà ni mo kọ ti ínṣọ́ránsì. Ti mọ́tò àtijọ́ yàtọ̀ o, ẹ̀yin àti iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì lẹ máa jọ fẹnu kò lórí iye tó tọ́ sí i, nítorí pé ojúlówó ni. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ pé ṣé replica ni. Mo tẹ No. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọwọ́ bọ̀ọ̀dá mi.

Oṣù tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni yìí gbé mọ́tò jáde láì sọ fún Dádì, ó fẹ́ lọ ṣe fáàrí fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó lọ kọlu lọ́rì ní New Cross. Òun fúnra ẹ̀ ò tiẹ̀ fara pa. Mọ́tò fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo. Ṣé irin máa ń fọ́ báyẹn ni? Ẹnjiníà ínṣọ́ránsì lọ wò ó, wọ́n wá kọ létà pé kí Dádì fọwọ́ sí i pé mọ́tò tí wọ́n rà nígbà yẹn gan-an nìyí, àti pé tó bá jẹ́ irọ́, ẹni tó fọwọ́ sí i ló máa rojọ́ ní kóòtù. Bọ̀ọ̀dá mi ní kí Dádì tètè fọwọ́ sí i, kí a sì ní kí wọ́n dá àfọ́kù mọ́tò padà fún wa, pé tí logbook bá ṣì wà, òun á ra ara mìíì. Ẹ gbọ́ o... ara mìíì. Mo ní kó lọ jẹ́wọ́ fún Dádì, ó ní shock máa pa wọ́n. Kóòtù ńkọ́, ìyẹn ò ní pa wọ́n? Ẹ̀gbọ́n mi ni, mo mọ̀, mo ṣì kórìíra ẹ̀.

Lánàá Dádì pè mí. Wọ́n ní lẹ́yìn Jímọ̀ làwọn máa fọwọ́ sí i, kí n mú bírò dání. Wọ́n ní, "Ìwọ ṣá kà á fún mi dáadáa. Èyí tí o bá pè ní òótọ́ ni mo máa fọwọ́ sí." Wọ́n wá bi mí bóyá mo rántí bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe máa ń wúwo, tí mi ò ní lè tì í nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo ní mo rántí. Wọ́n ní ó dáa.

Ṣé wọ́n mọ̀ ni? Ṣé wọ́n ti mọ̀ látọjọ́ yẹn, tí wọ́n kàn ń dúró dè mí? Mi ò sùn.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù, mo ti ṣe é, òun ló gbé mi débí. Nǹkan kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dáhùn. Tí mo bá jókòó ti Dádì lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n ti fi bírò lé ìwé, tí wọ́n ń dúró de ohùn mi... kí ni kí n kà fún wọn?