Fíríìjì Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Sọ Di Ọ̀wọ́n

Delfina ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìlú Mẹ́síkò? Ara tèmi le, tòlótòló ti pamọ, omi ọ̀sà ò sì tíì wọlé. Kí Màríà Mímọ́ ti Guadalupe máa ṣọ́ ẹ, nítorí inú ń bí mi sí ẹ gan-an.

Ọmọbìnrin kan wá síbí lóṣù tó kọjá, tẹlifóònù lọ́wọ́, ó ní tí wọ́n bá ní kí n máa san ọgọ́rùn-ún pésò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún fíríìjì àwìn, ṣé màá gbà á. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní tó bá di àádọ́jọ ńkọ́. O mọ̀ pé edé mi máa ń bàjẹ́ kó tó dọ́jà. Mo fẹ́ yọwó, àmọ́ Hermelinda aládùúgbò wa, tó ń sọ kiri pé mi ò ní nǹkan kan, ti na ọrùn sórí ọgbà, ni mo bá ń gbà á lọ títí a fi dé igba ó lé àádọ́ta. Ọmọ náà dúpẹ́, ó tẹ tẹlifóònù, mo ní ọjà ti parí nìyẹn. Mo lé àwọn adìẹ kúrò ní igun ilé ìdáná, mo gbálẹ̀ ibẹ̀, mo ń retí fíríìjì mi.

Kò dé. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta fíríìjì, wọ́n ní àwọn ò ta nǹkan kan fún mi, ìbéèrè lásán ni. Síbẹ̀ igba ó lé àádọ́ta tí mo fẹnu sọ yẹn ni wọ́n ń gbà fún fíríìjì lọ́wọ́ gbogbo abúlé báyìí. Hermelinda ní ẹnu mi ló fà á, ó ń pè mí ní ìyá olówó, àwọn èèyàn ò sì ra edé mi mọ́.

Mo bi ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù pé ta ló rán ọmọ náà. Ó ní yunifásítì ni, pé olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ abúlé wa, Delfina, ló ṣètò ìbéèrè náà kí wọ́n lè mọ ibi tí agbára àwọn èèyàn mọ. Ó tún ń kí mi kú oríire. Ojú tì mí. Edé yìí ló rán ẹ níléèwé, ìwọ ló wá rán àlejò wá bi mí ní ibi tí agbára mi mọ, ìwọ tí o ò tíì fojú kàn mí láti ọdún tó kọjá.

Sọ fún tẹlifóònù yẹn pé irọ́ ni mo pa, ọgọ́rùn-ún ni agbára mi mọ, kó dá iye rẹ̀ padà. Fi owó fíríìjì náà ránṣẹ́ sí mi, má fi gba báńkì, wọ́n á tún bi mí ní ìbéèrè.

Èmi náà ní tèmi láti bi ẹ́. Tí owó ọkọ̀ wá sílé bá jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pésò, ṣé wàá wá? Tó bá di ẹgbẹ̀rún ńkọ́? Máa dáhùn lọ, má tijú, Hermelinda ò sí lórí ọgbà.

Kí Ọlọ́run fún ẹ ní ọmọ tó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bi ẹ́ ní ìbéèrè.

Èmi ìyá rẹ,
Eufrasia