Ohun Tí A Bá Lẹ́yìn Ìwé Gbọ̀ngàn Náà

Sí ìyàwó olóògbé, aránṣọ wa ọ̀wọ́n, àti sí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni àwa òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé wò jókòó láti kọ ìwé yìí sí yín. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyí. A ya méjì àkọ́kọ́ nítorí pé wọ́n jọ èyí tí a máa ń kọ sí gbogbo ènìyàn, ọkọ yín kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nǹkan ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí tí kò jẹ́ kí ọwọ́ wa balẹ̀ mọ́. Inú wa ń dùn. A mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí à ń sọ fún opó nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ fara dà á fún wa títí dé ìsàlẹ̀ ìwé, nítorí pé ayọ̀ náà tọ́ sí yín ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni olóògbé fi bá wa ṣiṣẹ́ olùyẹ̀wò ilé. Bàbá Ẹ̀yìn Ìwé là ń pè wọ́n, ẹ̀yin náà sì mọ ìdí rẹ̀. Fọ́ọ̀mù wa kò ní ju àpótí kékeré méjì lọ: kí á fọwọ́ sí i, tàbí kí á má fọwọ́ sí i. Kò sí àyè fún àlàyé. Bàbá a yí fọ́ọ̀mù padà, wọ́n a kọ ìdí ìpinnu wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tí bíríkìlà lè kà láìwá ògbufọ̀. "Àtẹ̀gùn yín ga jù fún arúgbó. Ẹ tún un ṣe, mo ń bọ̀ wá wò ó ní Ọjọ́rú." Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ìdí tí òṣìṣẹ́ ìjọba kò bá lè kọ sílẹ̀ kí ẹni tọ́rọ̀ kàn kà á, ìdí náà kò mọ́. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. A ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ lẹ́tà ìfẹ́, àfi kí ẹ yí i padà kí ẹ tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ rántí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n wọn. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ láti fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n di ọ̀gá ẹ̀ka. Wọ́n fi ọ̀pá kan ògiri rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna, wọ́n mi orí, wọ́n yí ìwé padà. Oṣù mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n kò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó wá wó ògiri náà fúnra rẹ̀, tó rí i pé òfìfo ni inú rẹ̀, ó gbé àga onítìmùtìmù kan wá sí ọ́fíìsì wa fún àbúrò rẹ̀. Bàbá dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n ní ìdúró kò tíì sú àwọn.

Nísinsìnyí ó kan èyí tó nira láti sọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tuntun ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì wa, ọjọ́ ìṣílé ti pé, wọ́n ti pín ìwé ìpè, ọ̀dà sì ń dán lára ògiri. Bàbá kò fọwọ́ sí i. Wọ́n wá bá èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ yìí ní ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mejì; mo ní kí wọ́n lọ kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ti kọ ọ́. Èmi náà mú fọ́ọ̀mù mìíràn, mo fọwọ́ sí i dípò wọn, mo sì kọ kúẹ́rì sí wọn pé wọ́n ń dí iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ láìnídìí. Gbólóhùn kan ni wọ́n fi dáhùn: "Ìdí wà lẹ́yìn ìwé."

Àwa ọ̀gá mẹ́ta ni a jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò pẹ́ tí a kó gbogbo ìwé wa sínú kọ̀ǹpútà nígbà náà, iwájú ìwé nìkan la sì ní kí wọ́n yà, nítorí pé lójú tiwa ìwé ìjọba kò ní ẹ̀yìn. A ṣí kọ̀ǹpútà, a rí àpótí tí Bàbá sàmì sí, a kò rí ìdí kankan. A ní wọ́n ń fojú di wa. Ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni láti orí tábìlì yẹn dé yàrá tí ìwé gan-an wà. Mo kà á lánàá. Kò sí ẹni tó dìde nínú wa. A gbé Bàbá lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí láti máa ṣọ́ àwọn àga tó ti kán. Dípò kí wọ́n máa ṣọ́ wọn, wọ́n ń tún wọn ṣe, wọ́n sì ń kọ àìsàn àga kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí àìsàn tiwọn náà fi dé.

Nígbà tí a wá kí yín lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ fún wa lómi, ẹ gbé ìjókòó fún wa, ẹ wá sọ pé: "Mo dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi yọ 'láìnídìí' yẹn kúrò nínú fáìlì ọkọ mi. Ọmọ wa àgbà ti gba iṣẹ́ ìjọba báyìí. Lọ́jọ́ kan yóò kà á." A wolẹ̀. 

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, òjò jò wọ yàrá ìwé. Ìyá Fáìlì, ẹni tó ń tọ́jú ìwé wa, kó àwọn tó tutù jáde, ó sá wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dojú wọn bolẹ̀ kí oòrùn má baà pa òǹtẹ̀ wọn rẹ́. Nígbà tó nàró, ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá ló ń wò láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan dé èkejì. Ó pè wá. Gbogbo wa jáde, a lóṣòó, a ń kà á, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń nu ojú. Ìwé gbọ̀ngàn náà wà nítòsí ẹ̀rọ omi. Ohun tí wọ́n kọ sí i nìyí: "Òpó kẹta lápá ọ̀tún ń dún bí agbè òfìfo. Irin inú rẹ̀ kò dé òkè. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wọ ibẹ̀ títí ẹ ó fi tú u wò. Ojú ń tì mí láti ba ọjọ́ ayẹyẹ jẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ń bẹ."

Inú gbọ̀ngàn yẹn ni ìdánwò ìparí ìbá ti wáyé lọ́jọ́ Ẹtì òní, ọmọ igba ó lé méjìlá. A sáré débẹ̀. Àbí kí ni ọ̀gá ilé-ìwé sọ fún wa? Ó ní tipẹ́ ni bàbá kan tó ń tún àga ṣe ti máa ń wá bẹ òun ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ọmọ kankan má jókòó sápá ọ̀tún, òun sì ti fi tábìlì dínà ibẹ̀ nítorí pé bàbá náà kò ṣeé kọ̀ fún. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnjiníà gbẹ́ òpó kẹta. Irin náà parí síbi àyà ènìyàn. Sìmẹ́ǹtì lásán ni ìyókù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa lé àgbà wa kúrò lọ́jà, síbẹ̀ wọ́n ń yọ́ padà wá di orí ọmọ mú.

A ti gbọ̀ngàn náà pa, àwọn ọmọ sì ṣe ìdánwò wọn nínú kíláàsì. Àga kò tó. Ẹ gbọ́ ibi tí a ti rí i: yàrá ìkẹ́rùsí, àwọn tí Bàbá tún ṣe, mẹ́tàlélógójì, kò sí ọ̀kan tó mì. Lọ́sàn-án òní a dúró lẹ́nu géètì, a ń ka àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń pariwo jáde. Wọ́n pé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ọjọ́ náà sì lòní.

Ẹ ní ká yọ "láìnídìí" náà. Ẹ jọ̀wọ́, a kò yọ ọ́. Bàbá kì í fa ìwé ya. A fa ìlà pupa gba orí rẹ̀, a yí kúẹ́rì náà padà, mo sì kọ ohun tí mo ṣe sí ẹ̀yìn rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i. Bí ọmọ yín bá kà á, yóò rí ẹ̀ṣẹ̀ wa, yóò sì rí ìjẹ́wọ́ wa. Mo ti kọ kúẹ́rì sí ara mi pẹ̀lú, ó ti wà lọ́dọ̀ olùdarí àgbà. Láti òní lọ, a kò ní gba fọ́ọ̀mù tí kò bá ní ìdí lẹ́yìn, ìbáà ṣe èmi ni mo kọ ọ́. A ó di gbogbo ìwé tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn pọ̀, a ó sì gbé ẹ̀dà rẹ̀ wá fún yín. Ohunkóhun tó bá sì kan yín ní iléeṣẹ́ ìjọba, ẹ má tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Àwa ni ẹ ó rán.

Kí Olódùmarè tí kò fi iṣẹ́ olóòótọ́ pamọ́ títí láé rọ̀ yín lọ́kàn, kó jẹ́ kí ẹ lè sùn, kó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jogún ọwọ́ tí bàbá wọn fi ń kọ òtítọ́.

Ọ̀gá iléeṣẹ́, ní orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ìwé yìí padà.

(Lẹ́yìn ìwé)

Ìdí tí a fi kọ ọ́: ọkọ yín sọ òtítọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo kọ̀ láti rìn. Bí ẹ bá lọ sí ibojì wọn, ẹ bá mi sọ fún wọn pé àwọn ọmọ náà pé, àti pé mo ti kà á.